Igi tí à bá fi ṣe bébà ti di pákó: ìsapá ìjọba láti gbé ilé-iṣẹ́ gẹdú àti bébà ró

Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti wọlé ní oṣù Kẹsàn-án, tí òbí kan ní Kubwa tàbí Nyanya bá kó ìwé tuntun ọmọ rẹ̀ jọ láti fi ìwé ìròyìn àtijọ́ bò wọ́n, kí ó ṣí ọ̀kan nínú wọn sí ẹ̀yìn ojú ewé àkọ́kọ́, níbi tí wọ́n máa ń kọ orúkọ ilé ìtẹ̀wé sí. Ẹni tó kọ ìwé náà lè jẹ́ olùkọ́ ní Zaria, ilé-iṣẹ́ tó gbé e jáde sì lè wà ní Ìbàdàn, síbẹ̀ kò ṣòro láti rí i pé Íńdíà, Ṣáínà tàbí Malaysia ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ yìí ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, òkèèrè ni bébà inú rẹ̀ sábà ti ń wá. Nígbà tí ìjọba jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ lọ́jà ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, tí dọ́là kan kúrò ní nǹkan bí ₦460, tó sì kọjá ₦1,500 kí ọdún 2024 tó parí, owó bébà gbéra, owó ìwé sì tẹ̀lé e.

Kì í ṣe pé ìjọba ká ọwọ́ lẹ́rán. Láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, ó ti kọ́ ilé-iṣẹ́, ó ti yáwó, ó ti gbin igi, ó ti fòfin de ọjà òkèèrè, ó ti ta ohun tó kọ́, ó sì tún ti ń ṣe òfin mìíràn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí gbogbo rẹ̀ kò fi yọrí sí bébà gbọ́dọ̀ wo ibi tí ìsapá náà máa ń pọ̀ sí. Lójú tèmi, ẹnu ibodè ló ń pọ̀ sí, nítorí pé ìwé àṣẹ kan ṣoṣo láti Abuja ti tó láti ti ibodè láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ìdí igi kò rí bẹ́ẹ̀. Igi ń béèrè ọdún mẹ́wàá lọ́wọ́ ìjọba tí kò ní ju mẹ́rin lọ lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Jẹ́bà, tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kọjá bí a bá ń ti Abuja lọ sí Ìlọrin gba Bídá àti Mọ́kwá. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti ń sọdá Odò Ọya, tí afárá ojú irin àtijọ́ tí wọ́n ṣí ní ọdún 1916 ṣì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìdídò Jẹ́bà wà lókè odò, láti àárín àwọn ọdún 1980 ló sì ti ń pèsè iná tó lé ní 500 mẹ́gáwáàtì bí gbogbo ẹ̀rọ rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Oko ìrèké Bàcítà kò jìnnà. Ibi yìí ni ìjọba gbé ilé-iṣẹ́ bébà àkọ́kọ́ kalẹ̀ sí ní ọdún 1969, pé kí ó máa ṣe bébà líle aláwọ̀ ilẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àpò sìmẹ́ǹtì àti páálí. Ẹni tó yan ibẹ̀ kò ṣìnà rárá: omi wà, odò tó ṣeé fi pèsè iná wà, ojú irin tó lọ sí Èkó àti Kano wà, ṣẹ́gẹ́ ìrèké tí wọ́n ti fún omi rẹ̀ tán sì wà nítòsí, òun náà sì ṣeé fi ṣe bébà. Nígbà tí wọ́n mú un gbòòrò, agbára rẹ̀ tó 65,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún.

Méjì tẹ̀lé e ní Gúúsù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti Ìwópin, ní ẹ̀bá ọ̀sà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ní àárín àwọn ọdún 1970, fún bébà ìkọ̀wé àti ti ìtẹ̀wé. Ti Oku-Iboku, tó wà ní ìpínlẹ̀ Akwa Ibom báyìí, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1986, ó sì wà fún bébà tí wọ́n fi ń tẹ ìwé ìròyìn. Wọ́n ṣe ìkọ̀ọ̀kan wọn kí ó lè máa pèsè 100,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún. Ọdún 1986 yìí kan náà ni ìjọba Ibrahim Babangida bẹ̀rẹ̀ ètò àtúnṣe ọrọ̀ ajé tí gbogbo wa mọ̀ sí SAP, tí náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó fi owó ilẹ̀ òkèèrè ra ẹ̀rọ, tó tún ń fi owó ilẹ̀ òkèèrè ra kẹ́míkà, wá ń gba náírà tó ń joro lójoojúmọ́ lọ́wọ́ oníbàárà rẹ̀. Kí àwọn ọdún 1990 tó lọ sópin, Oku-Iboku ti dákẹ́, Jẹ́bà ti ń mí gúle-gúle, Ìwópin kò sì tíì ṣe bébà tó tó nǹkan rí láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ́ ọ.

Ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe bébà lè rò pé owó nìkan ló dá wọn dúró. Bébà kì í ti ara igi jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ gé igi wẹ́wẹ́, wọ́n á rọ ọ́ sínú ìkòkò onírin tó ga bí ilé alájà mélòó kan, wọ́n á sì fi kẹ́míkà tó ní kọ́sítíìkì nínú, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń lò, sè é títí ohun tó so fọ́nrán igi pọ̀ yóò fi yọ́ kúrò. Ohun tó bá kù, tó rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, ni wọ́n ń pè ní pulp. Omi dúdú tó bá ṣẹ́kù nínú ìkòkò kì í ṣe ohun ìdànù: wọ́n máa ń sun ún láti rí ooru tí yóò gbé ẹ̀rọ ró, wọ́n sì máa ń gba kẹ́míkà padà nínú eérú rẹ̀. Bí apá ibi tí wọ́n ti ń sun omi dúdú yìí bá bàjẹ́, ilé-iṣẹ́ náà yóò máa ra epo tuntun àti kẹ́míkà tuntun lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tó bá fẹ́ sè, èrè kankan kò sì lè kù síbẹ̀.

Fọ́nrán igi náà kò rí bákan náà. Ti igi ilẹ̀ wa kúrú, bẹ́ẹ̀ náà ni ti mẹ́línà, igi àjèjì tí wọ́n gbìn síbí fún bébà. Ó dára fún bébà ìkọ̀wé tó ń dán, ṣùgbọ́n kò lè dá gbé ìwúwo sìmẹ́ǹtì, kò sì lè dá fara da eré tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé-ìròyìn ń sá láì já. Fọ́nrán gígùn tó ń fún bébà lágbára, ara igi páìnì ló wọ́pọ̀ sí, páìnì kì í sì í ṣe igi ibí. Ìdí nìyí tí ilé-iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ kí a má bàa máa ra bébà mọ́ fi wá ń ra pulp fọ́nrán gígùn láti òkèèrè, kó lè rí nǹkan pò mọ́ ti ilé.

Àwọn onímọ̀ igbó mọ èyí tipẹ́, apá Àríwá níbí ni wọ́n sì ti wá ojútùú rẹ̀. Ní Afaka, lẹ́bàá Kaduna, àti lórí òkè Jos àti ti Mambilla tí ojú ọjọ́ ti tutù díẹ̀, wọ́n gbin oríṣiríṣi páìnì láti wo èyí tí ilẹ̀ wa yóò gbà. Àwọn mìíràn nínú wọn hù dáadáa. Iṣẹ́ ìwádìí náà kò kùnà. Ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ni pé kí ìwọ̀n oko tí a fi dán an wò di ìwọ̀n oko tí ẹ̀rọ Jẹ́bà lè máa jẹ láti ọdún dé ọdún.

Ti mẹ́línà ló ṣe mí ní kàyéfì jù. Ilẹ̀ Éṣíà ni igi yìí ti wá, ó máa ń yára dàgbà, bí ọdún mẹ́fà sí mẹ́wàá bá sì ti kọjá, ó tó gé fún bébà. Ìjọba àpapọ̀ yá owó lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé àti Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà, wọ́n sì fi gbìn ín lọ súà nínú igbó ọba Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti Olúwa ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, nítorí Ìwópin ní pàtàkì. Igi dàgbà, ilé-iṣẹ́ kò ṣetán. Igi tó ti gbó kò lè máa dúró de ẹ̀rọ títí ayé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn onígẹdú ṣe wọ inú oko náà, wọ́n sì ń là á ní pákó.

Mo rí òpin ọ̀rọ̀ náà fún ara mi ní Dei-Dei, lójú ọ̀nà Zuba, nígbà tí mo lọ ra pákó tí káfíńtà yóò fi kan pẹpẹ ìwé fún mi. Bàbá ọmọ Òǹdó kan tó ń tajà níbẹ̀ fa pákó funfun kan yọ láàárín ọ̀pẹ́pẹ́ àti afárá, ó fi èékánná ha á, ó ní kí n gbóòórùn rẹ̀, ó sì là á yé mi pé mẹ́línà ni, pé ìṣó kì í là á, pé owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ti ọ̀gànwó, àti pé nínú oko ìjọba ní ìhà ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ti gé e. Mo rà á. Igi tí wọ́n yáwó gbìn kó lè di ìwé ni ìwé ọmọ mi tí wọ́n tẹ̀ ní Íńdíà tò lé lórí báyìí, pákó náà kò sì tíì tẹ̀.

Ẹnu ibodè, tí mo ní ìsapá ń pọ̀ sí, kì í ṣe ohun tuntun. Gẹdú tí a kò tíì ṣe iṣẹ́ lé lórí, ìbáà jẹ́ ìtì igi tàbí pákó, wà nínú àwọn ohun tí òfin sọ pé kò gbọdọ̀ jáde ní Nàìjíríà. Ní ìdàkejì, páálí, bébà ìnudí àti tíṣù ìnujú wà nínú ohun tí òfin kò gbà kí wọ́n kó wọlé láti òkèèrè, ìyẹn sì wà lára ìdí tí ilé-iṣẹ́ tíṣù àti ti páálí fi pọ̀ díẹ̀ nílé ju ti bébà ìkọ̀wé lọ. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2015, báńkì àpapọ̀, CBN, ka àwọn ọjà 41 kan tí ẹni tó bá fẹ́ kó wọn wọlé kò ní rí dọ́là rà ní ọjà ìjọba: plywood wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn onígi wà níbẹ̀, àga àti tábìlì wà níbẹ̀, igi ìtayín náà kò gbẹ́yìn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, CBN ká òfin náà kúrò, nígbà tí iye ọjà inú rẹ̀ ti di 43. Fún ọdún mẹ́jọ tí ilẹ̀kùn wà ní títì, àwọn káfíńtà Kugbo ní ojú ọ̀nà Nyanya rí iṣẹ́ díẹ̀ sí i nítorí pé àga òkèèrè wọ́n, ṣùgbọ́n plywood tí wọ́n fi ń kan àga náà wọ́n pẹ̀lú. Ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọjà láìtíì gbin ohun tí yóò rọ́pò rẹ̀, ọ̀wọ́n ló tì mọ́lé.

Ìwé tilẹ̀ tún ní wàhálà tirẹ̀. Nàìjíríà wà nínú àdéhùn kan tí UNESCO gbé kalẹ̀ ní Florence ní ọdún 1950, èyí tó ní kí ìwé máa kọjá ní ibodè láìsan owó, kí ìmọ̀ lè tàn ká. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n bébà òfìfo, yíǹkì àti awo ìtẹ̀wé kò sí lábẹ́ ojú àánú bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń san owó kọ́sítọ́ọ̀mù. Akéde ìwé tó bá jókòó ṣírò owó rẹ̀ á rí i pé ó sàn kí òun tẹ ìwé náà ní òkèèrè, kí òun sì kó o wọlé ní odindi, ju kí òun kó bébà wọlé láti wá tẹ̀ ẹ́ ní Ìbàdàn tàbí Kaduna lọ. Kò sí ẹni tó lè bá a wí.

Òfin tó ní kí gẹdú má jáde náà rí ohun tó rí. Igi kosso, tí àwọn oníṣòwò rẹ̀ ní Taraba ń pè ní madrid, máa ń hù nínú pápá Àríwá láti Kwara dé Adamawa. Nígbà tí àwọn ará Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ sí í wá a fún àga olówó ńlá, àwọn onígẹdú ṣí lọ síbẹ̀ tìlù tìfọn. Wọ́n á gé ẹ̀gbẹ́ igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó lè rí gbọọrọ, wọ́n á ní iṣẹ́ ti wà lórí rẹ̀, kì í ṣe ìtì igi mọ́. Ní 2017, àjọ Environmental Investigation Agency gbé ìwádìí kan jáde pé ó lé ní mílíọ̀nù kan ó lé ọ̀kẹ́ ogún ìtì igi náà, tí owó rẹ̀ tó 300 mílíọ̀nù dọ́là, tó wọ Ṣáínà láti Nàìjíríà pẹ̀lú ìwé àṣẹ tó mú ìbéèrè dání. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, CITES, tó ń bójú tó òwò igi àti ẹranko tó ń tán lọ, ní kí àwọn orílẹ̀-èdè yòókù dá òwò igi náà dúró pẹ̀lú Nàìjíríà. Òfin wa ti wà kí kosso tó bẹ̀rẹ̀ sí í tán. Àjèjì ló wá bá wa ti ilẹ̀kùn tiwa.

Ọ̀rọ̀ igbó tún dọ́jú rú nítorí ẹni tó ni ilẹ̀. Láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ti wà, gómìnà ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ilẹ̀ wà níkàáwọ́ rẹ̀, igbó ọba sì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀. Mínísítà tó wà ní Abuja lè kọ ètò ìgbingi tó dán mọ́rán. Gómìnà tó ń wá owó oṣù òṣìṣẹ́ ló ń fọwọ́ sí ìwé àṣẹ ìgégi. Cross River ti dá igi gígé dúró ní ọdún 2008, igi kò sì yéé jáde níbẹ̀. Ohun tó ń bí àwọn awakọ̀ gẹdú nínú jù ni owó ojú ọ̀nà: láti inú igbó dé Dei-Dei, ìpínlẹ̀ gbà, ìjọba ìbílẹ̀ gbà, ẹgbẹ́ gbà, ẹlẹ́wù tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti wá náà gbà. Bí pákó bá wá wọ́n, wọ́n á ní oníṣòwò ló burú. Nínú gbogbo owó wọ̀nyí, bí a bá rí èyí tó padà sínú igbó láti di irúgbìn, díẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká má gbàgbé èédú. Bí gáàsì bá wọ́n, igi tó yẹ kó di gẹdú lọ́jọ́ iwájú ni wọ́n ń sun nígbà tó ṣì kéré. Ẹni tó bá rin ọ̀nà Mọ́kwá lọ sí Jẹ́bà ti rí àpò rẹ̀ tò ní ẹ̀gbẹ́ títì.

Ta ló wá ń gbé ilé-iṣẹ́ bébà ró ní tòótọ́? Bí a bá fẹ́ sòótọ́, àwọn baban bola ni, àwọn tó ń kó páálí àti àlòkù káàkiri àdúgbò láti tà. Lábẹ́ ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ni BPE, tó ń bójú tó títa dúkìá ìjọba, fi àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá wọ̀nyẹn lé àwọn aládàáni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ bébà tí wọ́n ń ṣe nílẹ̀ yìí báyìí kì í ti ara igi wá. Ara bébà àtijọ́ ló ti ń wá. Ní àdúgbò wa ní Lugbe, kẹ̀kẹ́ ìtì onígi máa ń kọjá kí oòrùn tó yọ dáadáa. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tì í á tẹ páálí pẹlẹbẹ, á da omi díẹ̀ sáàárín rẹ̀ kó lè wúwo lórí òṣùwọ̀n, ìyàwó ilé tó ń kó tirẹ̀ jọ ní ilé ìdáná náà mọ̀, kò sì bá a jà. Kílò ni wọ́n fi ń rà á, tírélà ni wọ́n fi ń kó o lọ sí ibi tí wọ́n ti ń rẹ ẹ́, tí wọ́n ń fọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di páálí àti tíṣù tuntun. Ó dára, ṣùgbọ́n ó ní ààlà rẹ̀, nítorí pé ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún fọ́nrán lò ló máa ń kúrú sí i, títí tí kò fi ní lè di ara rẹ̀ mú mọ́. Ẹlòmíràn ní òkèèrè ló gbin igi tí fọ́nrán àkọ́kọ́ nínú páálí yẹn ti wá.

Ní ti ohun tó ń lọ lọ́wọ́, àjọ RMRDC, àjọ ìjọba tó ń ṣèwádìí lórí ohun tí ilé-iṣẹ́ lè fi ṣe ọjà, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Maitama, ti pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ohun tí a lè fi rọ́pò igi. Ọ̀kan nínú wọn ni kenaf, ẹbí ìṣápá, tí àwọn Hausa ń pè ní rama, tí wọ́n sì ń jẹ ewé rẹ̀. Kò ju oṣù mẹ́rin sí márùn-ún lọ tó fi ń tó gé, fọ́nrán èèpo rẹ̀ sì gùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohun tí mẹ́línà kò ní gan-an. Àjọ yìí náà ló wà nídìí àbádòfin tó ní ohun àmúṣọrọ̀ kankan kò gbọdọ̀ jáde ní Nàìjíríà láìjẹ́ pé iṣẹ́ tó tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ti wà lórí rẹ̀. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí i ní 2025. Ní oṣù Karùn-ún ọdún kan náà, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ètò Nàìjíríà Lákọ̀ọ́kọ́, pé kí ọ́fíìsì ìjọba máa ra ohun tí a ṣe nílé kí wọ́n tó wo ti òkèèrè. Tèyìí ni mo kà sí jù. Kò sí ẹni tó ń lo bébà tó ìjọba ní Abuja: fáìlì, ìwé ìdánwò, fọ́ọ̀mù, ìwé ìdìbò. Bí àwọn ọ́fíìsì wọ̀nyí bá lè ṣèlérí fún ilé-iṣẹ́ kan pé àwọn yóò ra bébà rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá gbáko, báńkì yóò yá a lówó, àgbẹ̀ Bàcítà tàbí Funtua yóò sì mọ ẹni tó ń gbin kenaf fún. Àbádòfin ìdá 30, ní tirẹ̀, ibodè ló tún ń ṣọ́.

Ìdí igi náà tún ní ìṣòro mìíràn ní ìhà ọ̀dọ̀ wa tí kò sí nígbà tí wọ́n kọ́ Jẹ́bà. Ní alẹ́ ọjọ́ 11, oṣù Kẹta, ọdún 2021, àwọn agbébọn wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti ń kọ́ nípa ẹ̀rọ iṣẹ́ igbó ní Afaka, Afaka tí wọ́n ti dán páìnì wò yẹn náà, wọ́n sì kó akẹ́kọ̀ọ́ 39 lọ sínú igbó. Wọ́n padà dé ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́, ó di oṣù Karùn-ún kí àwọn tó kẹ́yìn tó délé. Àwọn ọ̀dọ́ tí orílẹ̀-èdè yìí ń kọ́ láti bójú tó igbó ni. Ní 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí i pé kí àwọn ìpínlẹ̀ gba aṣọ́gbó tó ní ìbọn lọ́wọ́, wọn ìbá sì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí ìjọba rán lọ sídìí igi dípò ẹnu ibodè láti ìgbà pípẹ́. Agbébọn ni wọ́n ní kí wọ́n lọ lé. Kò sí ibi tí mo ti rí i pé wọ́n fún wọn ní irúgbìn.